Ta Ló Kọ́kọ́ Ní Kí Wọ́n Yọ Tẹ́mósítáàtì?

Bí ọkọ̀ bá gbóná ní Ilé-Ogbó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire lẹ́bàá Ìwó, ohun tí mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ n'Íbàdàn àti l'Óṣogbo: kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣọ́ omi ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ a máa fi kún un pé ìlú olótùútù ni òyìnbó ṣe é fún, kí ni oòrùn tiwa fẹ́ fi í ṣe? Bí ìyẹn bá ti kúrò, ó kan róbà omi méjèèjì tó ń lọ sídìí hítà. Wọn a gé wọn, wọn a fi páìpù kékeré so orí wọn pọ̀. Láìpẹ́, kàtálísì tó wà lára sálẹ́ńsà náà a tẹ̀lé e, wọn a sì fi irin pélébé dí ọ̀nà EGR, ẹ̀yà tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná ibẹ̀ má baà mú jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe gbogbo èyí ní àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di ọgbọ́n ti kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà náà sì jókòó.

Lórí ibi tó ti ṣẹ̀, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní Ìjàpá ni, ìyẹn Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kò ní rédíétọ̀, tí kì í mu omi. Atẹ́gùn ni fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sára ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ẹni tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ kò ní rí ìdí tí nǹkan kan yóò fi dúró lójú ọ̀nà omi nígbà tó bá bọ́ sídìí ọkọ̀ mìíràn. Àlàyé náà dùn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: Ìjàpá tó ti Jámánì wá náà ní tẹ́mósítáàtì. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, àpò irin kékeré kan tó máa ń wú bí ìgbóná bá dé bá a, tí yóò sì ṣí àwọn ilẹ̀kùn pélébé tó ń sé atẹ́gùn mọ́. Atẹ́gùn ló ń ṣọ́ níbi tí ti àwọn ọkọ̀ yòókù ti ń ṣọ́ omi. Láwọn ilẹ̀ olóoru, àwọn mẹkáníìkì a máa tú u dànù tòun ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí àwọn tó ń dárúkọ Ìjàpá jàre, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń sọ kọ́ ni yóò dá wọn láre.

Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní Peugeot 504 ni. Oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, oṣù yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó, kò sì pẹ́ tí 504 fi gba ọ̀nà jíjìn mọ́ gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ́wọ́. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo fì sí, nítorí omi. Kànga àti odò ni awakọ̀ ti ń bu omi rédíétọ̀, kì í ṣe inú kẹ́ẹ̀gì kúláǹtì. Iyọ̀ inú ilẹ̀ tó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ a máa di èépá bí ó bá hó, irin a sì dógùn-ún. Inú tẹ́mósítáàtì ni ìda kékeré kan wà nínú ife bàbà. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, bóyá 82°C tàbí 88°C, ìda náà a yọ́, a wú, a ti ilẹ̀kùn ṣí kí omi lè kọjá sí rédíétọ̀. Bí ìpẹtà àti èépá bá ti gbá a mú, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Omi inú ẹ́ńjìnnì a hó, gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ a jó, orí ẹ́ńjìnnì gan-an lè tẹ̀. Ká ní ó ṣẹlẹ̀ láàárín Lọ́kọ́ja sí Òkéné lóru, ẹni tó bá yọ ọ́ yóò délé. Ẹni tó bá ń dúró de ojúlówó yóò sùn sójú títì. Ọmọṣẹ́ tó wà níbẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ ọ̀gá ṣe, kò gbọ́ èrò inú rẹ̀. Nígbà tí òun náà gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ó ti di pé tuntun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa náà ń kúrò lára ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kankan.

Kàtálísì ní ìtàn tirẹ̀, nítorí àwọn 504 àti Ìjàpá ayé ọjọ́un kò ní in. Èéfín tó bo Los Angeles ló bí òfin afẹ́fẹ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1970, òfin náà ló gbé kàtálísì wọ ọkọ̀ ọdún 1975, Yúróòpù sì tẹ̀lé e ní 1993. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium pa á lára, kí èéfín olóró tó bá gba ihò rẹ̀ kọjá lè yí padà. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ni òjé. Òjé ni wọ́n sì ń pò mọ́ bẹntiróòlù nílẹ̀ wa nígbà náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006 ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, ni ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára òṣìṣẹ́. Tòkunbọ̀ ń gba Kútọnu wọlé, kàtálísì wà lára wọn, epo olójèé ni a sì ń rọ sí wọn. Òjé a bo àwọn irin iyebíye yẹn mọ́lẹ̀, a sọ wọ́n di òkú. Bí ihò bá wá dí, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè mọ́. Mẹkáníìkì tó fi ọ̀pá irin gún un títí tó fi ṣófo kò jẹ̀bi. Ṣé kó sọ fún oníbàárà pé kó lọ máa ra epo l'Amẹ́ríkà ni? Òjé ti lọ, wọ́n ṣì ń yọ kàtálísì. Owó ló kù nídìí rẹ̀ báyìí, nítorí àwọn tó ń ra àlòkù rẹ̀ fún irin inú rẹ̀ wà káàkiri. Mélòó nínú àwọn oníbàárà ló ń béèrè iye tí wọ́n tà á?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ oòrùn, torí òun ni àwíjàre tó lágbára jù. Òótọ́ ni pé ọ̀sán Ìwó lè dé 35°C. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 90°C ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá, oòrùn kò sì lè gbé e débẹ̀. Bí tẹ́mósítáàtì bá ti kúrò, atẹ́gùn ojú títì a máa fẹ́ omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a sì rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, a máa fi epo kún epo. 504 oníkabúrétọ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò fi rí àdánù náà gbangba. Nígbà tí jálá epo wà ní nǹkan bíi ₦190, ṣáájú kí ìjọba tó yọ ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, a lè fojú fò ó. Kò tó ọdún méjì tí jálá fi kọjá ₦1,000. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé yíyọ ọ́ lè mú kí ọkọ̀ gbóná sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pàápàá ti Toyota, ọmọrí kan wà nísàlẹ̀ tẹ́mósítáàtì tó ń dí ọ̀nà àbùjá bí omi bá ti gbóná. Yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá wà ní ṣíṣí títí, omi gbígbóná a máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀.

Àwọn kan á ní ayédèrú ló kún ọjà, pé kí ọkọ̀ máa rìn láìní tẹ́mósítáàtì sàn ju kí èèyàn sanwó fún èyí tó máa há lọ. Mo gbà pé ayédèrú pọ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi gbígbóná kan tó láti dán an wò: bí kò bá ṣí nínú omi tó ń hó, kó má dé inú ọkọ̀. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ àwọn ti rìn fún ọdún pípẹ́ láìsí i, kò sì kú. Kò ní kú, ó kàn ń jẹ epo ni, òróró inú rẹ̀ sì ń yára di ẹrẹ̀.

Ti èéfín kò gba àlàyé púpọ̀. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ti ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ láti ọdún 2011, ECOWAS fẹnu kò lórí tirẹ̀ ní 2020, mẹkáníìkì abẹ́ igi kò sì gbúròó wọn. Ní 2020 yẹn kan náà, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ṣírò pé àlòkù ọkọ̀ mílíọ̀nù 14 ló jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín 2015 sí 2018, tí nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, ẹ̀bi èéfín yìí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan.

Ní ti róbà hítà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló ń tan hítà nínú ọkọ̀ ní Ilé-Ogbó, àfi bóyá lásìkò ọyẹ́? Èyí tí wọ́n fi ń ya omi gbígbóná lọ sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí náà, ìdí yìnyín ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Kìkì pé gáàsì CNG ti wá dá ọ̀rọ̀ rú. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní 2023, àwọn ọkọ̀ tó ń yí padà sí gáàsì ń pọ̀ sí i, gáàsì tó bá sì ti inú sìlíńdà jáde lẹ́ẹ̀kan náà a máa tutù débi pé ẹ̀rọ tó ń dín agbára rẹ̀ kù lè di yìnyín, àní nínú oòrùn tiwa. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń yá a lára, ara àwọn róbà hítà tí wọ́n ti gé yẹn gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń ti fà á. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò sì lè ṣe é. Ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ láìní tẹ́mósítáàtì, ọ̀kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà fún un kí sìlíńdà tó wọ bọ́ọ̀tù.