Obìnrin Tí Wọ́n Fi Ṣe Ilẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Inú Ìwé Àtijọ́

Ẹni tó bá ṣí ìwé máàpù tàbí ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù láàárín ọdún 1570 sí 1800, obìnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé. Òmíràn dé adé, òmíràn gbé apata, òmíràn wà ní ìhòòhò pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ lórí. Kì í ṣe ayaba kankan, kì í sì í ṣe ìyàwó òǹkọ̀wé. Ilẹ̀ kan ni wọ́n sọ di ènìyàn. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà kan á rántí pé mo máa ń sọ pé àwòrán inú ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, kíkà là ń kà á. Ẹ jẹ́ ká ka díẹ̀ nínú wọn, torí pé obìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n pè ní Áfíríkà, ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ sì kàn wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin? Èdè wà lára ohun tó fà á. Nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń jẹ́ akọ tàbí abo tàbí èyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, orúkọ ilẹ̀ púpọ̀ ló sì jẹ́ abo: Italia, Germania, Britannia, Africa. Ẹni tó gbọ́ Látìn tó wá ya Italia pẹ̀lú irùngbọ̀n, ojú àwọn èèyàn rẹ̀ ò ní gbà á. Ó lè ṣòro fún wa láti lóye, torí "ó" kan ṣoṣo là ń lò: ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, òkúta ni o, "ó" ni gbogbo wọn. Àwa tiẹ̀ máa ń gba ọ̀dọ̀ baba ńlá dé orí ilẹ̀ ni, ọmọ Odùduwà là ń pe ara wa. (Ẹ má tíì bi mí nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ pé obìnrin ni Odùduwà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ogun náà wà níbẹ̀. Bí Róòmù bá ṣẹ́gun ilẹ̀ kan, wọ́n a máa ya ilẹ̀ náà sára owó bí obìnrin. Lẹ́yìn tí wọ́n wó Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, owó Vespasian fi Jùdíà hàn bí obìnrin tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀pẹ, tó ń ṣọ̀fọ̀. Ibẹ̀ náà ni Britannia ti wá. Ó hàn sára owó Hadrian ní nǹkan bí ọdún 119. Lórí owó Antoninus Pius tó jọba tẹ̀ lé e, ó sorí kodò bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Obìnrin ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun ni, ẹni tó ṣẹ́gun ló sì yà á.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. William Camden tẹ ìwé kan jáde ní 1586 nípa ìtàn ilẹ̀ rẹ̀, ó sì pè é ní Britannia. Nígbà tó fi máa di àtẹ̀jáde 1607, obìnrin inú owó Róòmù yẹn ti jókòó sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Ní 1672, Charles Kejì gbé e sára ẹ̀pìnnì àti owó bàbà tó kéré jù ú lọ, pẹ̀lú apata àti ọ̀kọ̀. Ní 1797, wọ́n gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ará Róòmù máa ń fi sọ́wọ́ òrìṣà òkun. Ẹni tó ń sunkún ti di ẹni tó ń pàṣẹ fún omi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ará ilẹ̀ náà fúnra wọn ló ń yà á báyìí.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí irú àǹfààní yẹn. Ní 1570, Abraham Ortelius tẹ ìwé máàpù rẹ̀, Theatrum Orbis Terrarum, jáde ní Antwerp. Àwòrán iwájú rẹ̀ ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Wọ́n yà á bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Yúróòpù jókòó sókè téńté, ó dé adé, ó mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́. Éṣíà dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́rùn, tùràrí lọ́wọ́. Áfíríkà dúró ní òdìkejì, aṣọ rẹ̀ kò tó nǹkan, ìtànṣán oòrùn yí orí rẹ̀ ká. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ nà sílẹ̀ gbalaja ní ìhòòhò, kùmọ̀ lọ́wọ́ kan, orí ọkùnrin tí wọ́n bẹ́ lọ́wọ́ kejì. Ewì Látìn kan tilẹ̀ wà nínú ìwé náà tó ń ṣàlàyé wọn, kó má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹni karùn-ún wà níbẹ̀ o. Orí àti àyà nìkan ni wọ́n yà fún un. Ilẹ̀ gúúsù ni, èyí tí wọ́n rò pé ó wà ní ìkọjá ibi tí Magellan gbà, tí wọn ò sì tíì mọ̀. Nítorí náà wọn ò ya ara rẹ̀ tán. Èyí máa ń dùn mọ́ mi nínú. Níbẹ̀ ó kéré tán, wọ́n jẹ́ kó hàn pé àwọn ò mọ ibẹ̀. Nípa Áfíríkà, wọ́n ya gbogbo ara.

Ta ló wá sọ fún wọn bí Áfíríkà ṣe rí? Ìwé ni. Cesare Ripa kọ Iconologia, tó kọ́kọ́ jáde ní Róòmù ní 1593 láìsí àwòrán, tí àwòrán sì wọ inú rẹ̀ ní 1603. Bí ìwé ìsebẹ̀ ló ṣe rí fún àwọn ayàwòrán: bí o bá fẹ́ ya báyìí, fi báyìí sí i. Ó ní kí wọ́n ya Áfíríkà bí obìnrin dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, kí orí erin wà lórí rẹ̀ bí fìlà, iyùn lọ́rùn, àkéekèé lọ́wọ́ kan, ìwo tí ṣírí ọkà àlìkámà kún inú rẹ̀ lọ́wọ́ kejì, kìnnìún àti ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àlìkámà! Ṣé ẹ rí i? Owó Hadrian ni Ripa ti mú orí erin yẹn, Áfíríkà tí àwọn ará Róòmù sì ní lọ́kàn kò ju agbègbè Tùnísíà òde òní àti àyíká rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọkà tí ará Róòmù ń jẹ ti máa ń wá. Àwòrán ẹkùn kan ṣoṣo ní àríwá ni wọ́n wá fà bo gbogbo kọ́ntínẹ́ntì. Àgbẹ̀ tó ń wa iṣu ní Ọ̀yọ́, apẹja tó wà létí odò Kóńgò, ọkà Carthage ni wọ́n fi sí gbogbo wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà dá kún un. Orí pẹlẹbẹ bàbà ni wọ́n ti ń fín in, bí afíngbá ṣe ń fi irin ṣóńṣó fín igbá. Wọ́n á ki tàdáwà sínú ojú ìlà, wọ́n á nu òkè rẹ̀ mọ́, wọ́n á tẹ bébà tútù mọ́ ọn. Ohun tó wà lápá òsì lórí bàbà á bọ́ sápá ọ̀tún lórí bébà. Tí ẹ bá rí àwòrán méjì tó jọra, tí Áfíríkà wà lọ́tùn-ún nínú ọ̀kan, tó wà lósì nínú èkejì, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da ìwé ẹlòmíràn kọ tààrà. Ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀: orúkọ tó wà níwájú "sculp." ni ti ẹni tó fín in, èyí tó wà níwájú "delin." ni ti ẹni tó yà á, "excud." sì ni ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

William Blake fín ọ̀kan tó yàtọ̀. Inú ìwé John Gabriel Stedman ló wà, sójà tó bá àwọn Dutch jagun ní Suriname lòdì sí àwọn ẹrú tó sá lọ gba òmìnira nínú igbó. London ni ìwé náà ti jáde ní 1796. Nínú àwòrán tó gbẹ̀yìn, obìnrin mẹ́ta dúró, gbogbo wọn wà ní ìhòòhò, wọ́n dì mọ́ra wọn. Yúróòpù wà láàárín, Áfíríkà àti Amẹ́ríkà gbé e dúró. Kò sí adé, kò sí orí tí wọ́n bẹ́, kò sí àkéekèé. Stedman kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ran ara wọn lọ́wọ́ títí láé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá wọn. Yúróòpù fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Àwọn méjì yòókù wọ ẹ̀gbà sápá. Àwọn onímọ̀ kan ní àmì ẹrú ni ẹ̀gbà yẹn, àwọn mìíràn ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, torí pé Blake kan náà ló fín, nínú ìwé kan náà, àwòrán ọkùnrin dúdú tí wọ́n fi ìkọ́ kọ́ ní ìhà láàyè sórí igi, àti ti ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n nà kára rẹ̀ tó bó. Ẹni tó bá ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ á ti kọjá lára àwọn méjèèjì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin mẹ́ta yìí.