Màmá mi gbààwẹ̀ torí ìfun

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo yà sílé màmá mi ní Bàrígà, mo bá wọn lórí àga, ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n ní ààwẹ̀ wákàtí 24 làwọn ń gbà. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ó ń sọ ìfun arúgbó di tọmọdé. Màmá ti lé ní 70, wọ́n sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà!

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

Ẹ wò ó, awọ inú ìfun wa kì í tọ́jọ́. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ara ti pààrọ̀ ẹ̀. Stem cell ló ń ṣe é: àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tó sá pamọ́ sínú kòtò kéékèèké lára ìfun, tí wọ́n ń bí tuntun dípò èyí tó bá ṣí kúrò. Ẹ rántí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú tí kì í sinmi. Tá a bá ń dàgbà, ẹ̀rọ yẹn á máa falẹ̀, ìfun ò sì ní tètè jinná mọ́ lẹ́yìn àìsàn.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà febi pa eku fún wákàtí 24. Sẹ́ẹ̀lì ìyá inú ìfun wọn, àtọ̀dọ́ àtarúgbó, bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá dípò ṣúgà, agbára wọn láti bí tuntun sì pọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni WhatsApp parí ìtàn sí. Ní 2024, láàbù Ömer Yilmaz, ní MIT náà, rí i pé ìgbà tí eku bá ṣínu gan-an ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń bí jù. Tí àbùkù tó ń fa jẹjẹrẹ bá wá bọ́ sásìkò yẹn, kókó tètè ń yọ nínú ìfun. Eku sì ni o! Ọjọ́ kan láìjẹun kì í ṣe nǹkan kékeré fún eku.

Tèèyàn ńkọ́? Ní 2015, wọ́n gbé oúnjẹ àwọn ará abúlé South Africa fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 20, wọ́n sì gbé tiwọn fáwọn ará abúlé 20. Fáíbà pọ̀ nínú oúnjẹ abúlé, ọ̀rá kéré. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré, ara ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà rọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò sáré pọ̀ jù mọ́. Tàwọn ará abúlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Mo ní kí màmá jẹun kíá, torí ẹni tó ń lo oògùn yẹn láìjẹun, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n jẹ. Wọ́n ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí ẹni yẹn ò fi kọ èyí tó kù.