Ìbàdí tó kán: ìdádúró ló ń gbé owó iṣẹ́ abẹ ga

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà, tàbí tí ìyá arúgbó yọ̀ ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ náà sì kúrú ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí eegun ìbàdí ti kán. Láti ìgbà náà ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun lọ, torí owó tiwọn ṣeé san díẹ̀díẹ̀. A ò bá wọn jà, eegun apá ti jinná lọ́wọ́ wọn rí. Ti ìbàdí yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ ọrùn eegun itan ló kán, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun náà lè má dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò tíì dàgbà, tó tètè dé ilé ìwòsàn, síkúrúù bíi mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń so tiẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti kọjá nílé, orí eegun lè ti kú. Wọn a yọ ọ́, wọn a fi irin olórí roboto rọ́pò rẹ̀, irin yẹn sì wọ́n ju síkúrúù lọ dáadáa. Arúgbó ní tirẹ̀, irin àfirọ́pò yìí ni wọ́n sábà ń fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè tètè dìde.

Èyí tó kán nísàlẹ̀ ọrùn máa ń so fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi nǹkan wúwo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí 12 lórí bẹ́ẹ̀dì. Irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú síkúrúù ńlá, tàbí ọ̀pá irin inú eegun, lè gbé e dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi èrè oṣù mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù yóò pàdánù wé owó irin, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí ni ti UNIOSUN l'Óṣogbo, LAUTECH àtijọ́, àti Wesley Guild n'Iléṣà, tó wà lábẹ́ OAUTHC. Ẹ ní kí wọ́n kọ owó irin sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní irin SIGN, tí àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1999 ń fi ta àwọn ilé ìwòsàn lọ́rẹ nítorí àwọn tálákà. Òfin ọdún 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan. Ẹni tó bá ti ní in, kó lọ béèrè báyìí, kí ẹsẹ̀ tó kán, bóyá owó irin wà nínú rẹ̀.