Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ lé ìjánu lọ́wọ́

Ní òkè Alédjo, láàárín Sokodé àti Kara ní Tógò, àwọn awakọ̀ kan máa ń fi ọkọ̀ sí point mort bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àwọ́n ń ṣọ́ epo. Ewu ńlá ni. Ìjánu nìkan ló kù tó ń di ọkọ̀ mú. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, á gbóná, omi rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ wa á kàn wọlẹ̀ lásán, ọkọ̀ ò ní dúró.

Kí la máa ṣe? Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ká dín eré kù, ká wọ vitesse 3 tàbí 2, ká gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accélérateur àti embrayage. Ẹ̀rọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Òun là ń pè ní frein moteur.

Epo ńkọ́? Ọkọ̀ à injection kì í mu epo báyìí. Point mort gan-an ló ń mu ún.

Ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn kì í tàn bí a ò bá tẹ ìjánu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí zémidjan tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Tí a bá sì fẹ́ dúró pátápátá, iṣẹ́ ìjánu nìyẹn.