Ọ̀rọ̀ Opó Tí Ń Retí Iṣẹ́ Ìjọba ní Íńdíà

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ẹni tí ń wá jíjẹ mímu wálé fún aya, fún ọmọ àti fún arúgbó òbí bá re ibi àgbà ń rè, ìlànà ìjọba àpapọ̀ wọn yọ̀ǹda kí a mú ẹnì kan nínú àwọn tí ó fi sáyé lọ wọ iṣẹ́, bí i ti akọ̀wé kékeré, láìjẹ́ pé onítọ̀hún bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn du ipò náà. Kì í ṣe ogún. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1994 pé kí ìdílé lè la wàhálà òjijì tí ikú dá sílẹ̀ kọjá ni oore náà ṣe wà. Ebi kì í sáà wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà há. Nínú 100 ààyè tí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ gba ènìyàn tuntun sí ní ìpele yìí, 5 péré ni a lè fi fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Láti ọdún 2003 títí di 2012, ẹni tí kò bá ríṣẹ́ láàárín ọdún 3, wọn a pa fáìlì rẹ̀ dé.

Opó kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú ilé ẹrù fún ẹ̀ka tí ń la ọ̀nà ẹnu ibodè. Ọdún 1982 ni ọkọ kú, ọdún náà gan-an ni aya kọ̀wé béèrè iṣẹ́, ó sì yege ìdánwò ní 1983. Ṣùgbọ́n fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la ni wọ́n ń bá a ṣe, títí wọ́n fi sọ fún un ní 1985 pé àwọn kò gba obìnrin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Baálé ilé kú, wọ́n fi olókùnrùn rọ́pò, ẹkún ń gorí ẹkún! Ó di 1989 kí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tó dá a láre, tí ó sì pàṣẹ pé kò yẹ kí ìfàsẹ́yìn kankan wà nínú irú ọ̀ràn yìí, àti pé bí ààyè kò bá sí, kí ìjọba dá ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní 2023, ilé ẹjọ́ kan náà wí pé bí ọdún púpọ̀ bá ti gorí ikú náà, ìdílé ti rí ọ̀nà àtijẹ, ìdí fún àánú sì ti tán. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ìdílé ni kò tètè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé orí tábìlì ìjọba ni ìwé sùn sí, a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí opó fara dà ṣe ẹ̀rí ta kò ó. Ní 2022, ilé ẹjọ́ yìí náà ti ní kí ìpinnu lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má ṣe kọjá oṣù 6. Kí òṣìṣẹ́ tí fáìlì bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wá rojọ́ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó bi opó léèrè bí ó ti ṣe rí oúnjẹ jẹ láti ọjọ́ náà wá.