Ẹ yéé fowó ra èsì ìwádìí, gaàrí Ilé-Ogbó lè kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò

Ẹ dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ SPSS sí lára. Ọmọ tó fẹ́ẹ́ jáde á kó fọ́ọ̀mù ìwádìí rẹ̀ lọ síbẹ̀, á sanwó, wọ́n á tẹ èsì fún un. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá ní kó ṣàlàyé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ atíòro lẹ́nu.

Sẹ́kọ́ńdìrì ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó. Ká ní àwọn ọmọ ibẹ̀ béèrè iye kóńgò gaàrí kan lọ́wọ́ ìyá onígaàrí márùn-ún. Méjì pè é ní 800 náírà, ọ̀kan 850, ọ̀kan 900, ẹnì karùn-ún pè é ní 2,650. Kọ̀ǹpútà á ní ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1,200. Bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ò tà á tó bẹ́ẹ̀! Iye tó wà láàárín gan-an, 850 ni. Kí wọ́n yọ ẹnì karùn-ún kúrò, lójú ẹsẹ̀ ni ìpíndọ́gba á já wálẹ̀ sí 837.50. Ọmọ tó bá fojú ara ẹ̀ rí i kò ní í gbàgbé.

Ní 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Ọ́ṣun. Ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ìwé kíkà nìkan kọ́ ni ìṣirò. Ọ̀fẹ́ ni R, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand láwọn ọdún 1990. Iná àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ló ṣòro.

Àbí ta ló ń háyà èèyàn kó bá òun jẹun, kí òun sì yó?