Ẹ Yí Ìdí Kóńgò Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Káàdì Àwòrán Inú Kọ̀ǹpútà



Kò sí ọlọ́jà kan láàrin wa tó máa ra gààrí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò ní kọ́kọ́ yí ìdí kóńgò onítọ̀hún wò. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, kóńgò ni. Bí a bá délé tí a tún un wọ̀n, ó ti dín. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, a ó kàn béèrè orúkọ, a ó béèrè iye, a ó sì kówó sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Ẹni tó tà á fún un ní RTX 3060 ni káàdì inú rẹ̀, ó sì gbowó 3060. Onídùúró méjì fọwọ́ sí ìwé, èmi akọ̀wé náà fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó béèrè pé, "3060 wo?" Nígbà tí iṣẹ́ ńlá dé, ẹ̀rọ náà ní àyè kò sí mọ́. Oníbàárà ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yáwó kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní ìparí oṣù.

Káàdì yìí, tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní graphics card, òun ló ń ya àwòrán tí à ń rí lójú ẹ̀rọ. Nínú géèmù, bí ó bá lè ya 60 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré á máa lọ geere. Bí ó bá já sí 20, á máa fà tìkọ̀.

Ilé iṣẹ́ NVIDIA ti Amẹ́ríkà mú RTX 3060 jáde ní oṣù kejì ọdún 2021, ní 329 dọ́là. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 12 GB. Ní apá ìparí ọdún 2022, òmíràn tún jáde tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n 8 GB ni. Kì í ṣe àyè nìkan ló dín. Ti àkọ́kọ́ lè kó 360 GB wọlé jáde nínú àyè náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì kò ju 240 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, orúkọ kò sì yí padà. Ìdí kóńgò ti wọnú nìyẹn.

Ewu kejì wà lára àlòkù. Títí di 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn tó ń wa owó Ethereum ń fi irú káàdì báyìí ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Nígbà tí Ethereum yí ètò rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, wọ́n kó ọ̀pọ̀ káàdì jáde fún títà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n fáànù mìíràn ti gbó. Irú bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ sáré bí ẹṣin. Bí ó bá gbóná tán, á dẹ ẹsẹ̀ kí ó má baà jóná.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n?

1. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi GPU-Z wò ó. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ iye GB rẹ̀ gan-an. Láti ọdún 2018, ó tún lè tú àṣírí ọ̀pọ̀ ayédèrú, ìyẹn káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ orúkọ tuntun sí.

2. Ẹ fi Time Spy, tó wà nínú 3DMark, fún un ní máàkì. 3060 oní 12 GB máa ń gba nǹkan bí 8,700 ní máàkì àwòrán. Bí tiyín bá gba 6,000, ẹ béèrè ìdí.

3. Ẹ má dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdánwò ìfaradà Time Spy máa ń tún un ṣe ní ìgbà 20. Káàdì tí kò bá dúró déédéé tó 97 nínú 100 ti fìdí rẹmi.

4. Ẹ má wo ìpíndọ́gba nìkan, ẹ wo ibi tó relẹ̀ jù. Ẹni tó tajà rẹpẹtẹ lọ́jọ́ Ajé, tí kò rí tà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpíndọ́gba rẹ̀ lè dára lójú ìwé.

5. Ẹ gbé iṣẹ́ tiyín dání. Fídíò kan náà ni kí ẹ fún ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ sì fi aago wò ó.

Ẹ rántí iná pẹ̀lú. 3060 lè jẹ 170 wáàtì. RTX 4060 tó jáde ní 2023 kò ju 115 lọ, ó sì yá jù ú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ṣùgbọ́n 8 GB ni. Èyí lè dára fún ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ẹni tó ń ṣe fídíò ńlá lè nílò 12 GB. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kejì fẹ́ ra tirẹ̀, mo bá a lọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á lejú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń fura sí mi ni?" Mo ní, "Rárá o, àbúrò. Owó ẹgbẹ́ ni, ọwọ́ mi ni wọ́n á ti béèrè rẹ̀." Káàdì àkọ́kọ́ ṣe dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó gbóná, ó rẹ̀yìn. A dá a padà. Èkejì dúró títí dé òpin, òun la sanwó fún.

Ẹni àkọ́kọ́ ń san ẹ̀yáwó rẹ̀ déédéé, Ọlọ́run yóò bá a ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kéékèèké ló ń gbà báyìí. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá yáwó fún kọ̀ǹpútà yóò mú ìwé ìdánwò rẹ̀ wá kí a tó san owó fún olùtà. Ẹ má bínú sí akọ̀wé yín. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.